Ẹ̀wà Inú Agolo Kejì

Ohùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ni ti ọmọrí kẹ́tù àlùwàlá Ìyá Àgbà. Kẹ́tù náà ti gbó, ọmọrí rẹ̀ kò jókòó dáadáa mọ́, bí wọ́n bá ti gbé e nílẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màá gbọ́ omi tó ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé lójúde, lẹ́yìn náà àkùkọ Bàbá, tó jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán ló máa ń tó kọ. "Ọ̀lẹ lèyí," ni Bàbá máa ń wí. "Àwa là ń jí i." Orí ẹní Ìyá Àgbà ni mo máa ń wà, tí màá di ojú mi pọ̀ kí wọ́n lè rò pé mo ṣì ń sùn, kí n lè tún gbọ́ ohùn wọn sí i. Títí dòní, bí ọmọrí ìkòkò bá ń mì lórí iná, inú mi á kọ́kọ́ rọ̀ ná, kí n tó rántí pé ọbẹ̀ ni mo gbé kaná.

Abà wa kò jìnnà sí Àkànrán. Ọkọ̀ á já ọ sí ẹ̀bá títì, wàá wá máa fẹsẹ̀ rìn láàrin oko kòkó títí wàá fi rí òrùlé páànù wa tó ti dípẹtà. Bàbá tó bí ìyá mi ló ni ilé náà, Ìyá Àgbà sì ni ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi ń ṣòwò ní Ọlọ́runṣògo, n'Ìbàdàn, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló fi mí sí láti ìgbà tó ti já mi lẹ́nu ọmú. Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ mi kò tíì gba orí kọjá kan etí kejì, nítorí náà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì lè gbà mí. N kì í sì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé odi ni mí o. Mo máa ń bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀, mo máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ bí àlejò bá ti yọ, ẹ̀yìn ìró Ìyá Àgbà ni màá wọ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ ṣá?" Ìyá Àgbà á ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì pọ́n ni. Ẹni tó bá já ọsàn tí ò pọ́n, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò kan." Mo dàgbà tán báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, síbẹ̀ bí mo bá wà láàrin èèyàn, mo ṣì máa ń wá ìró kan tí mo lè sá sí lẹ́yìn.

Lọ́dún yẹn ni Bùrọ̀dá Lásísì gbé ìyàwó wálé. Bùrọ̀dá Lásísì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí ilé, ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ló gbà á lójú tí kò fi tètè níyàwó. Ọmọ Moniya ni ìyàwó náà. Ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìjọba ni kò tíì rí ibi fi í sí. Kò ju bí oṣù díẹ̀ tó dé lọ tó fi kúnlẹ̀ bẹ Bàbá pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún òun, òun fẹ́ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn ọmọ kéékèèké tí àwọn ìyá wọn ń pọ̀n lọ sóko. Orúkọ náà dùn mọ́ àwọn ìyá nínú, torí ilé wọn fẹ́ sinmi lóòótọ́. Bàbá gbà. Gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí, ṣùgbọ́n òun kì í pe àwa ọmọ ilé lórúkọ, nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ọmọ náà ì báà máa rákòrò. Ó fún kálukú wa ní orúkọ tirẹ̀. Síkírá, ọmọ ilé tó kọjú sí tiwa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó pè é ní Eyínfúnjowó. Èmi, ó wò mí títí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ń wo òun náà láti ẹ̀yìn òpó, ó ní, "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́." Báyìí ni olùkọ́ wa ṣe ń pe orúkọ láràárọ̀, bí ẹni tó ń yin àwọn ìyàwó tuntun. Kò sí ọmọ tí í pẹ́ dé, torí kò sí ẹni tó fẹ́ kí orúkọ dídùn òun kọjá láìjẹ́ ẹ.

Àwọn òbí wa rò pé A B D ni a ó máa kọ bí orin títí oòrùn yóò fi wọ̀. A ń kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí Àǹtí fi máa ń gbé ẹfun ìkọ̀wé jù sílẹ̀. Á ní, "Ẹ wá ohun tó wúwo wá. Ẹ wá ohun tó fúyẹ́ wá." A ó tú ká sínú agboolé bí òròmọdìẹ, a ó kó òkúta dé, ewé gbígbẹ, ìṣó, ṣùkù àgbàdo, àfọ́ igbá, èèpo kòkó. Ó ní abọ́ ńlá kan tó ń bu omi kún. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju nǹkan sí i, á kọ́kọ́ bi wá pé, "Ṣé yóò rì ni, àbí yóò léfòó?" A ó sì máa jiyàn. Síkírá fi ìyá rẹ̀ búra pé odindi èèpo kòkó yóò rì nítorí pé ó tóbi. Èèpo kòkó léfòó. Síkírá ní omi náà ni kò dáa. "Tún un ṣe, Eyínfúnjowó," ni Àǹtí wí. "Bóyá ó máa yí ọkàn padà." Síkírá tún un ṣe títí aṣọ rẹ̀ fi rin gbingbin. Lọ́jọ́ mìíràn, Àǹtí fi ẹyin adìẹ sínú omi, ẹyin rì. Ó bu iyọ̀ sí omi náà, ó ń rò ó, ó ń bù ú sí i, ó ń rò ó, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde jẹ́jẹ́ bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Ọjọ́ kan tún wà tó tan àbẹ́là, tó da gíláàsì dé e. Iná náà ṣẹ́ra pọ̀, ó wò wá díẹ̀, ó kú. "Kí ló pa á?" A ò mọ̀. Ó ní, "Kò rí atẹ́gùn mí ni." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa di èémí mú, à ń wo ara wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá ní, "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?" kò ní sọ pé òótọ́ ni. Á ní, "Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Fọwọ́ kàn án." A fọwọ́ kan gbogbo nǹkan lọ́dún náà. A fọwọ́ kan ògiri tí oòrùn ń pa àti èyí tó wà ní ibòji. A fọwọ́ kan irin òòfà tí Bùrọ̀dá Lásísì yọ nínú rédíò tó bàjẹ́, tí ìṣó ń fò mọ́ lára. Fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò yá bíi tèmi, ọ̀nà àbáyọ ni èyí. Kò sí ẹni tó ní dandan kí n sọ nǹkan kan. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, Àǹtí á wo ojú mi, á mi orí, á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú aṣọ tútù lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ ló ń fọ aṣọ. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, Bàbá Síkírá kọjá wá sọ́dọ̀ Bàbá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ràn láti máa rojọ́ ni. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà nínú àwo ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mò ń retí ìsàlẹ̀ àwo.

"Bàbá, mo rán ọmọ nílé ìwé, ẹrẹ̀ ló ń gbé bọ̀ wá bá mi."

"Ṣé ẹrẹ̀ ò sí lóko ni?"

"Ó wà lóko o. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni ti oko." Bàbá rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Mo bi í léèrè pé kí ló kọ́ lónìí, ó ní ẹyin lúwẹ̀ẹ́. Bàbá, ẹyin! Ìyá rẹ̀ ò ní iyọ̀ tó máa fi sebẹ̀, ilé ìwé ń fi iyọ̀ wẹ ẹyin."

Bàbá ránṣẹ́ pe Àǹtí. Ó wá, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá fọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní, "Ìyàwó, n kì í ṣe ọ̀tá ìwé. Ṣùgbọ́n kòkó ti ń pọ́n lóko, òjò ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí la máa ń tẹ́ kòkó sí bí òjò bá ń kù. Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí a bá ti kírun tán, kí àwọn òbí wá jókòó, kí àwọn ọmọ fi ohun tí wọ́n ń kọ́ hàn wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́, kòkó á wá ibòmíràn lọ. Bó bá jẹ́ eré, ìta gbòòrò, kí wọ́n lọ máa ṣe é ńbẹ̀." Àǹtí ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Gbogbo ohun tó ní nínú ilé yẹn tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an kò ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ. Kò tíì lóyún nígbà náà, àwọn kan sì ti ń ka oṣù fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe àwa ọmọ jọ. Ó ní, "Àgbẹ̀ ni Bàbá. Ohun tó bá hù ni wọ́n máa gbà gbọ́." Ó gbé agolo mílíìkì méjì jáde àti òwú tó rà ní kẹ́míìsì l'Ákànrán. Ó ya òwú náà sí inú agolo méjèèjì, ó to ẹ̀wà sórí rẹ̀, a fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ó bu omi sí ti àkọ́kọ́. Ó fi èédú fa ìlà sára ti ìkejì. "Èyí máa mu. Èyí ò ní mu. Èwo ni yóò hù?" Kálukú sọ tirẹ̀. Ó gbé méjèèjì sí etí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó da agbọ̀n dé wọn nítorí àwọn adìẹ, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọjọ́ Jímọ̀, àfi ẹni tí yóò máa bomi sí ti àkọ́kọ́. "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ni."

Síkírá pariwo. "Ha, Àǹtí! Odi lẹ gbé e fún?"

"Odi kọ́. Òun ni kò ní máa bá ẹ̀wà jiyàn títí omi á fi dànù."

Ọjọ́ kejì ni ẹnìkan wá láti Moniya pé ara ìyá Àǹtí kò yá. Bàbá ní kó tètè lọ. Kó tó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó ní, "Síbí kan láàárọ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan o." Mo mi orí. Mo sì ṣe é bó ṣe wí. Láràárọ̀ ni mo ń gbé agbọ̀n náà sókè bí ẹni tó ń ṣí ọmọ tuntun wò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àǹtí lọ ni Ìyá Àgbà kírun Àláásàrì tán lórí ẹní wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí i tí mò ń yọjú sí abẹ́ agbọ̀n. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n wo agolo méjèèjì.

"Àṣàkẹ́, kí lèyí ṣe tí gbogbo ara rẹ̀ gbẹ báyìí?"

"Àǹtí ní ká má fún un lómi, Ìyá."

"Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan."

"Ó bú àgbà ni?"

"Rárá o, Ìyá."

"Kí ló wá fà á tí wọ́n fi ń fi òùngbẹ jẹ ẹ́ níyà, tí èkejì rẹ̀ ń mu lójú rẹ̀?" Wọ́n mi orí. "A kì í fi omi du ẹlẹ́mìí, Àṣàkẹ́. Ọ̀tá ẹni gan-an, bó bá wọlé, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un." Wọ́n nawọ́ mú kẹ́tù, ọmọrí rẹ̀ dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, wọ́n da ìyókù omi àlùwàlá sí agolo tó nílà èédú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún ọmọ lágbo. Wọ́n tẹ̀ba sí i, wọ́n sọ fún ẹ̀wà náà pé, "Gbà, mu. Má dá wọn lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbà tó bá ka èyí á máa bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé ni mí. Ọ̀rọ̀ Àǹtí jẹ́ òtítọ́ lójú mi, ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà náà jẹ́ òtítọ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn mi. N kò mọ̀ pé òtítọ́ méjì lè kọlu ara wọn nínú agolo mílíìkì.

Ara ìyá Àǹtí yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tètè wá lọ́jọ́ Jímọ̀ náà. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ ní títì nígbà tí àwọn ọkùnrin ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Eruku ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń to àwa ọmọ sí ìlà. Àwọn òbí ti jókòó, àwọn kan lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan lórí ẹní. Bàbá wà lórí àga wọn. Ìyá Àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ń yọ ẹ̀gúsí nínú èèpo, wọn ò gbé ojú sókè. A ju òkúta sómi, ó rì. A ju ṣùkù àgbàdo, ó léfòó. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ẹyin dìde nínú omi iyọ̀, ìyá kan ní "Láìláà!" ó sì gbá àyà mú. Bàbá Síkírá ní, "A ti rí i pé ẹyin mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ló kan oko níbẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá Síkírá," ni Àǹtí wí. Ó gbé agbọ̀n náà wá síwájú Bàbá láìṣí i. Mo rí i lójú rẹ̀ pé èyí ló gbẹ́kẹ̀ lé. "Bàbá, ẹ̀wà kan náà ni. Òwú kan náà ni. Èyí mu omi, èyí tó nílà èédú ò mu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀wà tí ò mumi ńkọ́?"

"Kò ní hù!" ni gbogbo wọn pa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi nìkan ni n kò sọ ọ́.

Ó ṣí agbọ̀n. Ẹ̀wà agolo àkọ́kọ́ ti hù, ó na ọrùn tútù rẹ̀ sókè. Ẹ̀wà agolo kejì náà ti hù. Ó tún ga ju èkejì lọ.

Ẹ̀rín bú ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Síkírá fọwọ́ gbá itan. "Ìyàwó! Ẹ̀wà tiyín ò gbọ́ Òyìnbó o! Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí la ń dúró de òjò fún?" Síkírá gan-an ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún ń wo Àǹtí bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Àǹtí di agolo náà mú, ó ń wò ó. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn fa àga wọn sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n wo ìta níbi tí kòkó tútù wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dìde báyìí, ó parí. Àárọ̀ ọ̀la, kò ní sí ẹni tó máa pe Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mọ́.

N kò mọ bí mo ṣe kúrò nínú ìlà. Ohun tí mo rántí ni pé eékún Bàbá wà níwájú mi, aṣọ wọn ń rùn sí tùràrí mọ́ṣáláṣí, mo sì mú ìka ọwọ́ wọn kan, ìka líle àgbẹ̀, mò ń fà á. Ohùn kan ní, "Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án." Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

Ẹ̀rín dá. Ìyá kan ní, "Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀!" Bàbá wò mí. Wọ́n jẹ́ kí n fa ìka wọn wọ inú agolo kejì, wọ́n tẹ òwú náà. Omi jáde láàrin ìka wọn.

"Ó tutù," ni Bàbá wí. Wọ́n tún un tẹ̀. "Ó tutù rinrin. Ẹnìkan ti fún un lómi. Ta ni?"

Mo di ẹnu mi, mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọdún kan tán. Ẹ̀gúsí dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

"Ìyá Lásísì!"

"Ẹ wò ó, ẹ má jágbe mọ́ mi. Mo rí ohun tí òùngbẹ ń gbẹ, mo fún un mu. Bí wọ́n bá tún gbé e síwájú mi, màá tún fún un mu." Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "Bàbá Lásísì, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀."

Ìgbà tí mo dàgbà ni ìyá mi sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọmọ kan wà láàrin Bùrọ̀dá Lásísì àti ìyá mi. Ìgbẹ́ gbuuru ló mú un. Àwọn àgbà ayé ìgbà náà ní kí wọ́n má fún un lómi rárá, pé omi ló ń di ìgbẹ́. Ìyá Àgbà gbọ́ràn. Ọmọ náà ń wo kẹ́tù, ó ń nawọ́ sí i, títí kò fi lè nawọ́ mọ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá gbé agolo méjèèjì lé itan, wọ́n ń wo ọ̀kan, wọ́n ń wo èkejì. Wọ́n kọjú sí Bàbá Síkírá. "Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyàwó wí náà kọ́ lẹ̀ ń wò yìí? Ibi tí omi dé ló hù." Bàbá Síkírá ní, "Àbí, Bàbá?" Bàbá yíjú sí Àǹtí. "Tún un ṣe, ìyàwó. Bóyá ẹ̀wà máa yí ọkàn padà." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé Bàbá ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá wọn látọjọ́ yìí. Kòkó máa dúró di Jímọ̀ míràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí lọ bá Ìyá Àgbà ní ilé ìdáná. Mo rò pé ìjà ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa àwo ẹ̀gúsí sọ́dọ̀, ó ń bá wọn yọ ọ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ̀wà tí ẹ fi sínú kèrègbè lókè àjà, láti ìgbà wo ló ti wà ńbẹ̀?"

"Láti ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ẹ fún un lómi?"

"Ta ní í fún ẹ̀wà orí àjà lómi?"

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ó ń retí òjò ni." Ìyá Àgbà gbọ́ ohun tí ẹnu ara wọn sọ, wọ́n gbé ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Èyí tí mo fẹ́ fi sínú agolo náà kò ní kú, Ìyá. Ẹ bá mi ní sùúrù kó sùn díẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ó jí i. Mo ṣèlérí."

Ìyá Àgbà fọ ẹ̀gúsí kan, wọ́n jù ú sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e síbi tí ojú mi ò ti ní tó o." Inú yàrá Bàbá ni wọ́n gbé e sí. Láràárọ̀ ni Bàbá ń fi ìka kan òwú, tí wọ́n ń ké láti inú yàrá pé, "Ó gbẹ!" Àwa ọmọ á sì dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ó gbẹ!" Ìyá Àgbà á kọjá pẹ̀lú kẹ́tù wọn, wọ́n á gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń kọjá nílé ẹni tí ebi ń pa.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, àwọn òbí tó wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Agolo kan ti yọ ewé. Èkejì, ẹ̀wà rẹ̀ jókòó sórí òwú gbígbẹ bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Bàbá gbé e yí ká, kálukú fọwọ́ kàn án, Bàbá Síkírá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn ní, "Hẹn." Àǹtí wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo náà sí wọn. Gbogbo wa gbọ́ ọmọrí kẹ́tù. Omi dà. Ìyá Àgbà ní, "Ó yá o, jí."

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, mo ṣì wà lórí ẹní nígbà tí Ìyá Àgbà pariwo lójú fèrèsé. "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́, dìde! Ó ti la ẹnu!" Wọn ò tíì kírun. Wọ́n gbé agolo náà káàkiri agboolé láti ilé dé ilé. Bàbá wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi páànù àtijọ́ kan pa àtíbàbà fún kòkó wọn.

Ìwé mi kò jìnnà. Pírámárì ìkẹrin ni mo wà nígbà tí òwò ìyá mi wó, tí mo ní láti máa tẹ̀lé e kiri ọjà. Àǹtí ti bímọ nígbà náà, ìjọba sì ti rí iṣẹ́ fún un, wọ́n ti kó lọ. Ìwọ̀nba ìwé tí mo fi ń kọ èyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni mo ti rí i.

Ìyá Àgbà pẹ́ láyé. Ní ìgbẹ̀yìn wọn, èmi ni mo lọ tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n ní kí a má fún wọn ní omi ní ife mọ́, pé ó lè gba ọ̀nà òdì kó sì há wọn ní ọ̀fun. Àwọn ará ilé gbé ife kúrò. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wo ètè wọn tó ti gbẹ, tó ti là. Ojú wọn ń tẹ̀lé kẹ́tù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo sáré bi nọ́ọ̀sì náà pé òwú ńkọ́. Ó ní òwú kò burú, kí n kàn máa fi ra ètè wọn.

Mo ya òwú díẹ̀. Mo gbé kẹ́tù náà, ọmọrí rẹ̀ dún, ojú wọn sì là sí i. Mo rẹ òwú náà sínú omi, mo fún un, mo gbé e lé ètè wọn. Mo tẹ̀ba sí etí wọn, mo ní, "Ẹ gbà, ẹ mu, Ìyá. Ẹ má dá wọn lóhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì fa omi inú òwú náà mu.